Orúkọ mi wà lórí ilé kan ní Àkóbọ̀. Kí ni kí n kọ sí fọ́ọ̀mù lọ́yà ní UK?

Àbẹ̀kẹ́ Chatham

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀, ẹ bá mi fara balẹ̀ kà á.

Nọ́ọ̀sì ni mí ní Kent. Ọdún 2019 ni mo dé ìlú yìí, èmi àti bàbá àwọn ọmọ sì gba ILR, ìwé ìgbélùú tí kò ní ọjọ́ ìparí, ní 2024. Láti ọjọ́ tí a ti dé, ilé onílé là ń gbé. £1,450 là ń san lóṣù báyìí fún ilé oníyàrá méjì tí ògiri rẹ̀ ń bu bíi búrẹ́dì ọjọ́ mẹ́ta, ọmọ mi kékeré sì ń wúkọ́ ní gbogbo ìgbà òtútù.

Lóṣù tó kọjá a rí ilé kan ní Gillingham, oníyàrá mẹ́ta, £320,000. A dá owó lé e, onílé gbà. Ilẹ̀ kékeré kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tí mo ti ń fojú wá ibi tí n ó gbin ewédú sí. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, lọ́yà fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́. Ìbéèrè kan wà nínú rẹ̀ tí kò jẹ́ kí n rí oorun sùn láti ọjọ́ náà: ṣé o ti ní ilé rí, ní orílẹ̀-èdè yìí tàbí níbikíbi láyé?

Mo ti ní. Mo ṣì ní.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́. Bàbá mi kú ní 2015. Ilé tí wọ́n bí mi sí ní Òkè-Àdó di ti ẹbí. Ẹ mọ̀ pé nílẹ̀ wa, ìyàwó kì í jogún ọkọ, ọmọ ló ń jogún bàbá. Ìyẹn ì bá má burú bí àárín àwa ọmọ bá gún. Kò gún. Kí ọdún tó yí po, wọ́n ti fi yàrá màmá mi háyà. Mo dé láti ibi iṣẹ́ alẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo bá ẹrù màmá mi ní kọ́rídọ̀, ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ dojú kọ ògiri, òun fúnra rẹ̀ jókòó sórí àpótí, kò sọ nǹkan kan.

Ọdún mẹ́ta ni mo fi kówó jọ. Kọ́píréètífù ibi iṣẹ́ wa nígbà náà yá mi ní ìyókù. Ní 2018 mo ra bọ́ngálò oníyàrá mẹ́ta ní Àkóbọ̀ lọ́wọ́ olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì, ₦6,500,000. Ilé tó ti parí ni, ọ̀dà nìkan ni mo kùn. Mo dìídì fi orúkọ mi sórí rìsíìtì, àgírímẹ́ǹtì àti sọ́fè, kí ẹnikẹ́ni má baà lè fọwọ́ ìdílé lé màmá mi jáde lẹ́ẹ̀kejì. Ibẹ̀ ló wà títí dòní.

Ní 2021, ọ̀rẹ́ mi kan níbi iṣẹ́ sọ fún mi nípa Lifetime ISA (LISA), àkáǹtì ìfowópamọ́ kan, pé bí mo bá fi £4,000 sí i lọ́dún, ìjọba á fi £1,000 kún un. Ọmọ ọdún 34 ni mí nígbà náà, mo sì ṣí i kíákíá. Mo ti kó £16,000 sí i ní ọdún mẹ́rin, ìjọba ti fi £4,000 kún un. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ilé Àkóbọ̀ ní nǹkan án ṣe pẹ̀lú ẹ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, a ní £21,000 ní báǹkì. £6,000 nínú rẹ̀, owó àjọ ni.

Ẹnì kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ní, "Kọ 'Nò' síbẹ̀ jàre. Ta ló máa wọ bàálù lọ wo Àkóbọ̀?" Mo mú bírò, ọwọ́ mi ò lọ.

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ nìyí. Ẹ̀dínwó stamp duty (owó orí ilé rírà) tí wọ́n ń ṣe fún first-time buyer, ẹni tí kò ní ilé rí, ṣé ó ti bọ́ lọ́wọ́ wa nìyẹn? Owó LISA mi ńkọ́? Mo tún gbọ́ pé ẹni tó bá ní ilé kan tẹ́lẹ̀ máa ń san 5% kún un. 5% lórí £320,000 jẹ́ £16,000. Bó bá kàn wá, a ò lè ra ilé yìí mọ́.

Ìyá Ìbejì, Dagenham

Àbẹ̀kẹ́, ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ yẹn dùn mí o. Ọlọ́run á jẹ́ kí màmá jẹun ọmọ pẹ́.

Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tó ń dẹ́rù bà ọ́ jù. Mi ò rò pé £16,000 yẹn kàn ọ́. Ilé mìíràn tí ìpín rẹ nínú rẹ̀ kò bá tó £40,000 lọ́jọ́ tí ẹ bá gba kọ́kọ́rọ́, wọn kì í kà á mọ́ ti 5%. Iye tí ọjà máa san fún un lónìí ni wọ́n ń wò, kì í ṣe iye tí o rà á. Pọ́ùn kan ń lọ sí bíi 2,000 náírà báyìí, nítorí náà £40,000 ti di mílíọ̀nù 80. Ṣé bọ́ngálò Àkóbọ̀ tó bẹ́ẹ̀? Mi ò gbà bẹ́ẹ̀, àmọ́ má fẹnu sọ ọ́ lásán, gba ìwé lọ́wọ́ ẹni tó ń díye lé ilé.

Ojú mi rí nǹkan nínú ọ̀rọ̀ yìí, ìdí tí mo fi ń kìlọ̀ nìyẹn. Ní oṣù karùn-ún 2021 tí mo ra tèmi, £350,000, ìjọba ti dá stamp duty dúró fúngbà díẹ̀ lórí ilé tí kò bá kọjá £500,000. Mo ń yọ̀ pé n kò ní san kọ́bọ̀. Ọkọ mi ní ilé ní Abẹ́òkúta, tí wọ́n díye lé ní mílíọ̀nù 30. Nígbà náà, iye báǹkì kò tíì pé 600 náírà sí pọ́ùn kan, nítorí náà ilé yẹn ju £50,000 lọ. Orúkọ mi kò sí lórí ilé Abẹ́òkúta. Orúkọ ọkọ mi kò sì ní sí lórí ti Dagenham. Ṣùgbọ́n tọkọtaya tó bá jọ ń gbé, ẹyọ ẹnì kan ni wọ́n kà yín sí fún owó àfikún yẹn. 3% ni nígbà náà, kí wọ́n tó gbé e dé 5% ní 31 oṣù kẹwàá 2024. £10,500 ni mo san. Ilé kan náà lónìí, bí iye rẹ̀ ní náírà bá tiẹ̀ di ìlọ́po méjì, kò ní tó £40,000 mọ́. Náírà tó ṣubú yìí ba ayé jẹ́ fún gbogbo wa, ibi tó ti ṣàǹfààní nìyí.

Ti first-time buyer ni kò sí ọ̀nà sí. Kò sí £40,000 nínú tìyẹn. Ibi yòówù kí ilé náà wà, iye yòówù kó jẹ́, ì báà jẹ́ rírà, ì báà jẹ́ jíjogún, kódà kí o ti tà á lọ́dún mẹ́wàá sẹ́yìn, wọ́n á kà á. Wọn ò bi ọ́ pé ṣé o ní, wọ́n ní ṣé o ti ní rí. Torí náà má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní kí o sáré kọ ilé náà sórúkọ màmá rẹ kí o lè padà di ọmọ tuntun. Ilé á lọ, ẹ̀dínwó ò sì ní dé.

Bí ẹ̀yin méjèèjì bá sì jọ rà á, ẹ̀yin méjèèjì gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí kò ní ilé rí. Àìlẹ́tọ̀ọ́ rẹ á kó bá bàbá àwọn ọmọ.

Ìṣirò rẹ̀ rèé, láti 1 oṣù kẹrin 2025. First-time buyer kì í san nǹkan kan lórí £300,000 àkọ́kọ́, á san 5% lórí ìyókù títí dé £500,000. Bí ilé bá ju £500,000 lọ, ẹ̀dínwó ò sí rárá. Lórí £320,000, £1,000 ni. Àwa yòókù kì í san nǹkan kan lórí £125,000, à ń san 2% lórí £125,000 tó tẹ̀ lé e, ìyẹn £2,500, lẹ́yìn náà 5% lórí £70,000 tó kù, ìyẹn £3,500. Àpapọ̀ £6,000. Nítorí náà £5,000 ni ilé Àkóbọ̀ máa ná ọ. Ó dun ni, àmọ́ kì í ṣe £16,000.

Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé òun náà ò ní nǹkan kan nílé?

Àbẹ̀kẹ́ Chatham

Ẹ ṣé gan-an, mà. Mo ka tiyín lẹ́ẹ̀mẹta. Mo ti ń mí dáadáa.

Plọ́ọ̀tì méjì ló ní ní Ìkòròdú. Ilẹ̀ lásán ni, kò sí búlọ́ọ̀kù kan lórí rẹ̀, koríko ló kún ibẹ̀.

Ìyá Ìbejì, Dagenham

Koríko kì í ṣe ilé. Ìyẹn ò kàn yín.

Ọmọ Ogbómọ̀ṣọ́, Leeds

Ẹ kú àlàyé, Ìyá Ìbejì. Mo fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò láti apá mìíràn. Òfin Ilẹ̀ ti 1978 ti fi gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà. C of O tí à ń fọ́nnu sí, ọdún 99 péré ni. Ti arábìnrin yìí ò tiẹ̀ ní C of O, rìsíìtì àti sọ́fè ló ní. Kí ló dé tí a ó fi máa pe ara wa ní onílé níwájú àwọn òyìnbó nígbà tí òfin orílẹ̀-èdè wa sọ pé gómìnà ló ni ín? Èmi á kọ "Nò," ọkàn mi á sì balẹ̀.

Akọ̀wé Lọ́yà, Peckham

Ẹ̀gbọ́n, ọkàn yín ò ní balẹ̀ bí ìwé àwọn HMRC, àjọ agbowó-orí UK, bá dé. Abẹ́ lọ́yà tó ń ṣe ètò ilé rírà ni mo ti ń ṣiṣẹ́, mo sì ti gbọ́ àlàyé yìí rí lẹ́nu àwọn ènìyàn wa. Níbí gan-an, àìmọye fúláàtì ló jẹ́ pé lease ni wọ́n fi ń rà á, ọdún 99 tàbí 125, onílé ni wọ́n sì ń pe ẹni tó rà á. Òfin stamp duty ní ohunkóhun tó bá dọ́gba pẹ̀lú ìyẹn nílẹ̀ òkèèrè, wọ́n kà á. Rìsíìtì tí kò tíì di C of O kò sọ ilé di ti ẹlòmíràn. Ta ló máa gba owó háyà rẹ̀? Ta ló lè tà á? Ẹni yẹn ni.

Ẹ sì jẹ́ kí n sọ ohun tí "Nò" yẹn túmọ̀ sí. Ìwé stamp duty ní láti dé ọ̀dọ̀ HMRC láàárín ọjọ́ 14 tí ẹ bá ti gba kọ́kọ́rọ́, ìbúra yín ló wà nínú rẹ̀ pé òótọ́ ni. Bí wọ́n bá rí i pé ẹ mọ̀ọ́mọ̀ parọ́ ni, wọ́n lè padà sẹ́yìn di ogún ọdún, ìtanràn rẹ̀ sì lè tó gbogbo owó tí ẹ ò san. Báǹkì náà máa ń bi yín léèrè ilé mìíràn tí ẹ ní, irọ́ níbẹ̀ ti di jìbìtì. Arábìnrin yìí ní ILR, ó dájú pé á fẹ́ gba ìwé ọmọ onílùú. Ìwà rere wà lára ohun tí wọ́n ń yẹ̀ wò níbẹ̀, owó orí sì wà nínú ìwà rere.

Àbẹ̀kẹ́ Chatham

Ẹ̀gbọ́n Leeds, mo mọ̀ pé ire ni ẹ ń rò fún mi. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí. Lọ́yà béèrè ìwé báǹkì oṣù mẹ́fà, báǹkì tún béèrè tiwọn. Mo jókòó lánàá mo ń kà á wò. Ìjì ṣí páànù ilé màmá mi lọ́dún yìí, mo fi owó ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Èmi fúnra mi ni mo tẹ ìdí tí mo fi ń ránwó síbẹ̀: "Páànù Àkóbọ̀." "Káfíńtà Àkóbọ̀." "Àkóbọ̀ balance." Ó wà níbẹ̀ gbàgàdàgbàgàdà.

Ká tiẹ̀ ní kò sí níbẹ̀. Ilé yẹn ni ohun àkọ́kọ́ tí obìnrin kan nínú ìdílé wa máa fi orúkọ ara rẹ̀ rà. Mi ò lè jókòó sí Chatham kí n kọ̀wé pé kò sí.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Manchester

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú pé mo fẹ́ ti ọ̀rọ̀ tèmi bọ̀ ọ́. Èmi ò ra ilé kankan rí. Ṣùgbọ́n bàbá wa fi ilé sílẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde, kò ṣe wíìlì. Àwa ọmọ mọ́kànlá, ìyá mẹ́ta. A ò tíì pín in, Dáwódù ló ń gba owó háyà, mi ò rí kọ́bọ̀ nínú rẹ̀ rí. Ṣé èmi náà ti di onílé?

Akọ̀wé Lọ́yà, Peckham

Ìbéèrè yín ló le jù nínú gbogbo èyí, ẹ ò sì gbọ́dọ̀ fi ìdáhùn tí ẹ rí níbí kọ fọ́ọ̀mù.

Ti 5% kọ́kọ́ rọrùn. Ìpín yín nìkan ni wọ́n ń díye lé, kì í ṣe gbogbo ilé. Ìpín kan nínú mọ́kànlá ilé Ìjẹ̀bú-Òde kò ní sún mọ́ £40,000. Ìpín ogún tí kò bá sì ju ìdajì lọ, tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta tí ó bọ́ sọ́wọ́ yín, wọn kì í kà á rárá.

Ti first-time buyer ni wàhálà wà, nítorí ogún wà nínú ohun tí wọ́n ń kà níbẹ̀. Àwọn òyìnbó mọ ogún tí wọ́n kọ orúkọ oníkálukú sí. Ilé ẹbí wa ò rí bẹ́ẹ̀: gbogbo yín lẹ ni ín, ẹnikẹ́ni nínú yín ò sì lè dá ta bíńtín nínú rẹ̀ láìjẹ́ pé olórí ẹbí àti àwọn àgbà ìdí kọ̀ọ̀kan fọwọ́ sí i. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ pín in, ẹ ó tún jà lórí bóyá ìdí-igi ni, kí ìyá mẹ́ta pín in sí mẹ́ta, tàbí orí-ò-jorí, kí ọmọ mọ́kànlá pín in sí mọ́kànlá. Kí ni ìpín yín lónìí, kí wọ́n tó pín in? Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún lọ́yà yín bí ẹ ṣe kọ ọ́ síbí: ọjọ́ tí bàbá kú, pé kò sí wíìlì, pé ẹ ò tíì pín in. Ẹ jẹ́ kí ó lọ bi ẹni tó mọ̀ nípa owó orí. Ẹlòmíràn máa ń san owó kíkún lákọ̀ọ́kọ́, á wá wádìí lẹ́yìn náà, nítorí àyè oṣù méjìlá wà láti tún ìwé náà ṣe kí wọ́n sì dá owó padà fún yín. Ìyẹn sàn ju kí ẹ gba ẹ̀dínwó tí wọ́n á padà wá gbà lọ́wọ́ yín.

Bọ̀dá Bróókà, Woolwich

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Bróókà mọ́gẹ́ẹ̀jì (ẹ̀yáwó báǹkì fún ilé rírà) ni mí, mi ò lè fún yín ní ìmọ̀ràn lórí ọ̀rọ̀ yín gan-an níbí láìrí ìwé yín, àmọ́ mo lè sọ ohun tí ojú mi ń rí lójoojúmọ́.

Àǹtí Àbẹ̀kẹ́, owó àjọ yẹn: ọwọ́ kelòó lẹ gbà? Ẹ máà jẹ́ kí ìbéèrè mi yà yín lẹ́nu. Bí ènìyàn méjìlá bá ń dá £500, tí ẹ gba £6,000 ní ọwọ́ kẹta, £1,500 péré nínú rẹ̀ ni tiyín. £4,500 tó kù, gbèsè ni. Ẹ ṣì máa dá £500 lóṣooṣù fún oṣù mẹ́sàn-án, báǹkì sì máa yọ ọ́ nínú ohun tí wọ́n rò pé ẹ lè san. Bó bá jẹ́ ọwọ́ ìparí lẹ gbà, owó yín ni, kò sí wàhálà. Lọ́nà méjèèjì, ẹ gba ìwé lọ́wọ́ olórí àjọ, kí ó kọ orúkọ gbogbo ọwọ́ àti ọjọ́ wọn, kí ó fọwọ́ sí i. £6,000 tó ṣàdédé wọlé láti àkáǹtì ẹnì kan tí kò bá yín tan máa ń jẹ́ kí lọ́yà òyìnbó dá iṣẹ́ dúró. Mo ti rí ẹni tí ilé bọ́ mọ́ lọ́wọ́ nítorí àjọ tí kò ṣeé ṣàlàyé.

Nǹkan kejì: ṣé ẹ ti forúkọ sílẹ̀ láti dìbò? Ọ̀pọ̀ àwọn ènìyàn wa rò pé kò kàn wọ́n. Ọmọ orílẹ̀-èdè Commonwealth ni wá, ẹni tó bá ní ìwé ìgbélùú lè dìbò níbí. Àwọn Experian, Equifax àti TransUnion, ilé iṣẹ́ tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ bí ènìyàn ṣe ń san gbèsè, máa ń wo ìwé ìdìbò yẹn láti mọ̀ pé ibi tí ẹ ní ẹ ń gbé lẹ ń gbé. Ọ̀fẹ́ ni.

Ẹ̀kẹta, mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ọ́n kódà bí ẹ ò bá ní lò ó. Òfin first-time buyer, ẹni tó ń ra ilé nìkan ló ń wò. Ọkọ yín ò ní ilé rí. Bó bá rà á lórúkọ òun nìkan, £1,000 ló máa san. Àwọn báǹkì kan ní irú mọ́gẹ́ẹ̀jì kan tí wọ́n ń pè ní joint borrower sole proprietor, owó oṣù ẹ̀yin méjèèjì ni wọ́n máa fi ṣírò rẹ̀, orúkọ rẹ̀ nìkan ni yóò wà lórí ilé. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé owó yín ló wà nínú rẹ̀, tí ẹ̀yin méjèèjì sì ti fẹnu kò pé ẹ jọ ni ín, HMRC lè sọ pé ẹ̀yin náà wà lára ẹni tó rà á, orúkọ kankan ì báà má sí níbẹ̀. Ẹ bi lọ́yà.

Ti LISA, ó dùn mí láti sọ ọ́. First-time buyer ni wọ́n tò ó fún, "níbikíbi láyé" náà wà nínú tiwọn. Bí ẹ bá yọ owó náà kí ẹ tó pé ọmọ ọgọ́ta ọdún, wọ́n á gé 25% nínú gbogbo rẹ̀. 25% nínú £20,000 jẹ́ £5,000: ìjọba gba £4,000 rẹ̀ padà, ó tún mú £1,000 nínú tiyín. £15,000 ló máa dé ọwọ́ yín nínú £16,000 tí ẹ fi sí i. Tàbí kí ẹ fi í sílẹ̀ títí di ọgọ́ta ọdún, gbogbo rẹ̀ á jẹ́ tiyín.

Ọmọ Ẹ̀gbá, Cardiff

Gbólóhùn kan fún ẹni tó bá ń kà á láti Wales: gbogbo ìṣirò òkè yìí, England àti Northern Ireland ló ni ín. Kò sí ẹ̀dínwó first-time buyer lọ́dọ̀ wa rárá. Gbogbo ènìyàn ló bẹ̀rẹ̀ láti £225,000, 6% sì ni láti ibẹ̀ dé £400,000. Ilé £320,000 yẹn, £5,700 lẹ máa san níbí, ẹ ti ní ilé rí o, ẹ ò ní rí o, bí owó àfikún ti ilé kejì ò bá ti kàn yín. Ti Scotland tún yàtọ̀ sí tiwa.

Ẹ̀gbọ́n Houston

Ìtàn màmá yẹn mú mi sọ̀rọ̀. Níbi tí mo wà ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ ètò ìrànwọ́ ilé máa ń ka ènìyàn sí first-time buyer bí kò bá ti ní ilé tó ń gbé láàárín ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Ilé nílé kò dí mi lọ́wọ́. Wọ́n tún máa ń jẹ́ kí a yọ èlé mọ́gẹ́ẹ̀jì kúrò nínú owó tí wọ́n máa gba owó orí lé, lórí ẹ̀yáwó tí kò ju $750,000 lọ, ṣùgbọ́n fún tọkọtaya, bí àròpọ̀ àwọn ohun tí ẹ lè yọ kò bá ju $31,500 lọ, ìyẹn iye tí wọ́n ń yọ fún tọkọtaya láìbéèrè ìdí ní 2025, kò wúlò. Èmi ò jàǹfààní rẹ̀ rí. Ṣé ẹ̀yin náà ní irú rẹ̀?

Bọ̀dá Bróókà, Woolwich

A ní in rí, ẹ̀gbọ́n. MIRAS ni wọ́n ń pè é. Wọ́n fòpin sí i ní oṣù kẹrin ọdún 2000. Ẹni tó ń gbé ilé rẹ̀ níbí ò lè yọ èlé kúrò nínú owó orí mọ́.

Alápá Bódìjà, Ìbàdàn

Ẹ kú ìnáwó o, ẹ̀yin ará òkè òkun. Ohun tó kan apá ọ̀dọ̀ wa níbí ni kí n sọ. Àǹtí Àbẹ̀kẹ́, ẹ má gba ìwé iye ilé lọ́wọ́ ejẹ́ńtì àdúgbò. Ẹ wá estate surveyor tí ESVARBON, àjọ tó ń ṣàkóso àwọn tó ń díye lé ilé ní Nàìjíríà, ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, kí ó kọ iye ọjà ilé náà sórí ìwé ilé iṣẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́, kí ó sì lu òǹtẹ̀ rẹ̀ mọ́ ọn. Ìyẹn ni lọ́yà òkè òkun máa gbà.

Kí Ẹ̀gbọ́n Houston sì mọ̀ pé nílé náà, òfin owó orí tuntun tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìn-ín-ní 2026 ti fi àyè sílẹ̀ kí ẹni tó yá owó kọ́ ilé tó ń gbé yọ èlé rẹ̀ kúrò kí wọ́n tó ṣírò owó orí rẹ̀. 

Àbẹ̀kẹ́ Chatham

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin ará. Mo ṣèlérí nínú ọkàn mi pé n ó padà wá sọ bó ṣe rí.

Mo kọ "Yẹ́ẹ̀sì." Mo kọ àdírẹ́sì Àkóbọ̀ sábẹ́ rẹ̀, mo kọ ọdún tí mo rà á.

Bọ̀dá Bróókà, ọwọ́ kọkànlá ni mo gbà nínú méjìlá. Alhaja tó ń darí àjọ wa kọ gbogbo rẹ̀ sórí ìwé méjì, ó fi ọjọ́ síbẹ̀, ó fọwọ́ sí i. Lọ́yà kà á, ó bi mí ní ìbéèrè kan péré, pé ṣé a kì í san èlé lórí rẹ̀. Mo ní rárá, sà. Ó ní ètò tó dára ni.

Mo wó LISA. Mo mọ̀ pé £1,000 owó mi bá a lọ. Mo fẹ́ fi í sílẹ̀ dé ọgọ́ta ọdún, ṣùgbọ́n láìsí £15,000 yẹn, a ò ní rí 5% owó ilé tí báǹkì ní ká kọ́kọ́ fi sílẹ̀ san lẹ́yìn stamp duty àti owó lọ́yà. Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tí ẹ ní ilé nílé, ẹ má ṣí i fún ilé rírà. Ọdún mẹ́rin ni mo fi kó owó sí àpótí tí kò ṣe tèmi.

Bàbá àwọn ọmọ ka ohun tí ẹ kọ nípa kí òun nìkan rà á. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ ọ́, ó ní £5,000 kì í ṣe owó kékeré, ó sì mọ̀ pé n kò ní fi òun sí àyè ìfura. Mi ò fura sí i. Ọkùnrin dáadáa ni. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ alẹ́ tí mo ti ṣe nítorí ilé yìí kò níye, mo sì ti rí obìnrin tó fi ọgbọ̀n ọdún tún ilé ṣe tí orúkọ rẹ̀ kò sí níbi kankan nínú rẹ̀. Mo sọ fún un pé mo máa san £5,000 náà. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Jẹ́ ká san án."

Ẹni tó máa díye lé ilé lọ sí Àkóbọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì kan. Mo ti pe màmá mi lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, mo rò pé ó yé e. Bí ọkùnrin náà ṣe dé pẹ̀lú tépù àti kámẹ́rà, màmá mi ti géètì, ó ti kọ́kọ́rọ́ bọ inú búbà. Ìgbà tí mo máa fi rí ìpè rẹ̀, ó ti pè mí nígbà méje. Iṣẹ́ ni mo wà. Mo wọ yàrá tí a ń kó aṣọ bẹ́ẹ̀dì sí, mo pè é padà. Ó ní wọ́n tún ti dé. Mo ní, "Màámi, èmi ni mo rán an. Wọn ò ní mú yín kúrò. Iye ilé ni mo fẹ́ mọ̀." Ó ní, "Ṣé o fẹ́ tà á ni?" Mo ní rárá. Ó ní kí n búra. Mo búra fún un láàárín àwọn aṣọ bẹ́ẹ̀dì. Ó ṣí géètì.

Mílíọ̀nù 48 náírà ni ọkùnrin náà kọ. Lọ́yà ṣírò rẹ̀ sí nǹkan bíi £24,000. 5% kò kàn wá. Stamp duty wa jẹ́ £6,000, bí Ìyá Ìbejì ṣe ṣírò rẹ̀ gẹ́lẹ́. Lẹ́yìn owó lọ́yà àti ti ẹni tó yẹ ilé wò, a fi £27,000 sílẹ̀, báǹkì yá wa ní £293,000 fún ọgbọ̀n ọdún, 4.8% tí kò ní yí padà fún ọdún márùn-ún. £1,537 lóṣù. £87 ló fi ju owó háyà wa lọ.

A gba kọ́kọ́rọ́ lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá. Mo ya fọ́tò ìwé tí orúkọ àwa méjèèjì wà, mo fi ránṣẹ́ sí màmá mi lórí WhatsApp. Ó pè mí pé òun ò rí i kà dáadáa, pé èwo ni tèmi nínú rẹ̀. Mo fi ìlà pupa yí i po, mo tún un fi ránṣẹ́.